Èéfín Dúdú Kò Yẹ Kó Dá Eré Ìdárayá Dúró Ní Port Harcourt

Láti ìparí ọdún 2016 tí èéfín dúdú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bo ìlú Port Harcourt, ní ìpínlẹ̀ Rivers, ni eré sísá lójú pópó ti di ohun ìfura fún ọ̀pọ̀ olùgbé ibẹ̀. Ìfura náà tọ́. Àní ní oṣù kìíní ọdún 2022, Gómìnà ìgbà náà, Nyesom Wike, pàṣẹ pé kí wọ́n ti àwọn ibùdó ìfọpo tí kò bófin mu pa.

Ṣùgbọ́n èéfín kò ní kí ẹsẹ̀ di aláìlágbára. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, nínú ìlànà tó gbé jáde ní ọdún 2020, ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré tó ń mú iṣan le fún ó kéré tán ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀; eré sísá nìkan kò sì tó fún èyí.

Yàrá kékeré ti tó. Kí ènìyàn di ike omi oní-lítà kan ààbọ̀ mú lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó nàró, kí ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, kí ó sì rọra lọ sílẹ̀ títí orúnkún ẹ̀yìn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, kí ó tó fi ẹsẹ̀ iwájú ti ara rẹ̀ padà sókè. Itan àti ìdí ni yóò ṣiṣẹ́ jù. Ọwọ́ òfìfo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ fi bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tí orúnkún ń dùn kọ́kọ́ rí dókítà. Lọ́jọ́ tí èéfín bá pọ̀, kí fèrèsé wà ní títì.