ORÚKỌ TÍ ÀSÍÁ WA Ń JẸ́

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé ta ni a wò kí a tó sọ àsíá Nàìjíríà lórúkọ?

Àsíá tí ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí Èkó láti ọdún 1861, nígbà tí Ọba Dòsùnmú tọwọ́ bọ̀wé lójú ọkọ̀ ogun, títí di ọdún 1960, Union Jack ni orúkọ rẹ̀. “Union” ni ìṣọ̀kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Skọ́tílándì àti Áílándì. “Jack” ni àsíá kékeré tí àwọn atukọ̀ ń fi kọ́ sí iwájú ọkọ̀ wọn. Orúkọ ilé onílé ni.

Tiwa kò ní orúkọ oyè kankan. Àwọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ayé fi ń pè é: Green-White-Green. Táíwò Akínkùnmí, ọmọ Ìbàdàn, ẹni tí ó papòdà ní ọdún 2023, ni ó ya àwòrán rẹ̀ nígbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Oòrùn pupa wà láàárín funfun tí ó kọ́kọ́ yà. Ìgbìmọ̀ yọ ọ́ kúrò. (Àgbẹ̀ kò ní torí èyí sunkún, oòrùn tó wa lóko.) Àwọ̀ ewé ni iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ọrọ̀ ilẹ̀ wa, funfun ni àlàáfíà. Ẹ̀yin àgbẹ̀, orúkọ oko yín ni wọ́n ń pè lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí wọ́n bá pe àsíá náà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí orúkọ yìí lójúkojú, kí ó wá sí Mile 12 ní Kòsọ́fẹ́. Tòmátì, ata àti àlùbọ́sà ń ti Òkè Ọya wá síbẹ̀, àwọn ará Kétu àti Ìkòsì sì ń rà wọ́n. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta ọdún 2016, ìjà bẹ́ láàárín Yorùbá àti Hausa níbẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba Èkó sì ti ọjà náà pa. Tòmátì kì í dúró de ìlàjà. Nígbà tí funfun àárín ya, ewé apá kan kò lè dé ọ̀dọ̀ ewé apá kejì mọ́.

Nítorí náà ni a ṣe ń béèrè pé kí àwọn olórí ọjà, ti Yorùbá àti ti Hausa, máa jókòó pọ̀ lóṣooṣù kí ìjà tó dé, kí ìjọba ìbílẹ̀ sì wà níbẹ̀. Kí àwọn olùkọ́ sì sọ ìtumọ̀ àwọ̀ náà fún àwọn ọmọ wa ní èdè Yorùbá, kí ọmọ àgbẹ̀ lè mọ̀ pé oko bàbá òun ni òun ń kí láràárọ̀.