Ta Ló Gé Okùn Ìdì Igi Wa Kúrú?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín pé ọ̀rọ̀ igi ìdáná ni mo gbé wá lóṣù yìí. Igi tí ènìyàn bá fojú rénà ní í gún un lójú. Ní Ìpòtì-Èkìtì àti káàkiri agbègbè Ìjerò, igi ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yan gàrí fi ń ṣiṣẹ́, igi ni olóńjẹ etí ọ̀nà fi ń se ìrẹsì, igi náà la sì ń kó jọ bí a bá fẹ́ ṣe ìnáwó. Bí gáàsì àti kẹrosíìnì sì ti wọ́n tó yìí, ọ̀pọ̀ ilé tó ti pa ààrò tì ló ti padà sídìí rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń rẹ́ni jẹ nídìí igi, inú ìkòkò ọbẹ̀ wa gan-an ló ń tọwọ́ bọ̀.

Ìyá kan tó ń yan gàrí ní Ìpòtì ló là mí lójú. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń tú igi píkọ́ọ̀pù kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ojú wọn le koko. Ẹni tó tà á fún wọn ní ọkọ òun kún bámúbámú. Lóòótọ́, bí a bá wò ó látẹ̀yìn, ó kún. Àmọ́ nígbà tí wọ́n tú u, ẹ̀ka wíwọ́ ló kún àárín rẹ̀, ọ̀kan dábùú èkejì, àyè tó wà láàárín wọn tó èyí tí ewúrẹ́ lè sùn sí. Èyí tó wà nísàlẹ̀ sì tutù débi pé omi ń sun lẹ́nu rẹ̀.

Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ ò yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó ni?"

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ojú mi lè wọ inú igi ni? Ọkọ kan ló pè é, owó ọkọ kan ni mo san."

Ẹ gbọ́ o! Ọkọ kan. Kí ló ń jẹ́ ọkọ kan? Ọkọ kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ohun tí a fi ń kó ẹrù ni. Lónìí ó kún dé etí, lọ́la wọ́n a tò ó ní jáganjàgan, orúkọ kan náà ni wọ́n ó ṣì máa pè é.

Ti ìdì igi tilẹ̀ burú ju ti ọkọ lọ. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní okùn tó yí ìdì kan ká jẹ́ 100 sẹ̀ǹtímítà. Bí ẹni tó ń tà á bá gé e kù sí 90, ta ni yóò fura? Ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan péré ló dín. Bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìdì náà sún kì lọ́tùn-ún, lósì, lókè àti nísàlẹ̀, igi inú rẹ̀ ti dín ní 19 nínú 100. Bó bá tún gé gígùn igi náà láti ẹsẹ̀ bàtà 3 sí ẹsẹ̀ bàtà 2 àbọ̀, ohun tó ti lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìdì ṣì ń jẹ́ ìdì, owó rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n iná tó yẹ kó se ìkòkò mẹ́ta, méjì ló máa sè. Ta ló ń san owó ìkẹta? Ẹni tó ń rà á ni.

Àwọn kan á ní, "Ojú lọjà wà. Kí oníbàárà wò ó kó tó rà." Ọ̀rọ̀ yẹn kò tà létí mi. Ojú kò lè rí àárín igi tí wọ́n ti tò, kò sì lè rí omi inú rẹ̀. Bí a bá ká kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọlé mọ́ alátà gàrí lọ́wọ́, ṣé a máa ń sọ fún oníbàárà pé òun ni kò wò ó dáadáa? Èébú la máa ń bú alátà. Kí ló wá dé tí ti igi fi yàtọ̀?

Àwọn mìíràn á ní kí á máa fi kílò wọ̀n ọ́n. Èyí dára létí, ṣùgbọ́n ó léwu. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi lè kó tó ìdajì ìwúwo rẹ̀. Bí a bá gbé e sórí ìwọ̀n, omi la ó máa fowó ra, oníwàyó kò sì ní jẹ́ kí igi rẹ̀ gbẹ mọ́ láéláé! Bí igi ti ga tó, bó ti gùn tó, bó ti fẹ̀ tó, ìyẹn ló yẹ kí á wọ̀n.

Àwọn ẹlòmíràn ti rìn ọ̀nà yìí ṣáájú wa. Ní 1795, nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Faransé ń ṣètò òṣùwọ̀n tuntun, wọn ò gbàgbé igi ìdáná. Wọ́n dá òṣùwọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀, wọ́n pè é ní stère: igi tí a tò, tó gùn ní mítà 1, tó fẹ̀ ní mítà 1, tó sì ga ní mítà 1. Ní Amẹ́ríkà, cord ni wọ́n ń pe tiwọn: ẹsẹ̀ bàtà 8 ní gígùn, 4 ní ìbú, 4 ní gíga. Ìlànà òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ibẹ̀ ń tẹ̀lé sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ polówó igi ní "òkìtì kan" tàbí "ọkọ kan". Ọkọ kan tiwa yìí náà ni o! Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀wẹ̀, láti May 1, 2021, igi ìdáná tí kò pọ̀, tí wọ́n bá máa tà á fún ilé, omi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 20 nínú 100 lọ.

Kì í ṣe pé àwa náà ò lófin. Òfin òṣùwọ̀n ti wà ní Nàìjíríà láti 1974, òfin ààbò oníbàárà ti 2018 sì ka irọ́ pípa nípa ọjà léèwọ̀. Àmọ́ òfin tó wà nínú ìwé kò lè di ìdì igi.

Mo mọ̀ pé ara ń ni àwọn tó ń ta igi náà. Láti May 29, 2023 tí ìjọba ti kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ lórí bẹntiróòlù mọ́, owó ọkọ ti fò sókè, bẹntiróòlù kan náà sì ni ẹ̀rọ tó ń gé igi ń mu. Ẹ fowó lé e, a ò ní bá yín jà. Ẹni tó fowó lé ọjà ti sọ òtítọ́ fún mi, mo lè rà, mo lè fi sílẹ̀. Ẹni tó gé okùn kúrú, irọ́ ló pa fún mi. Kì í sì í ṣe èmi nìkan ló pa lára: ó pa olóòótọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lára pẹ̀lú, nítorí pé ìdì olóòótọ́ á dà bí èyí tó wọ́n jù, òun ni ọjà rẹ̀ á kùtà.

Kí ni ṣíṣe? Kò le rárá. Kí àwọn tó ń ta igi ní Ìpòtì àti Ìyálọ́jà fẹnu kò lórí okùn kan, kí ó wà lọ́wọ́ Ìyálọ́jà, kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè fi yí ìdì tó rà ká. Kí káfíńtà kan igi mẹ́rin pọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń ta igi, mítà 1 sókè, mítà 1 sí ẹ̀gbẹ́. Inú rẹ̀ ni kí wọ́n ti máa to igi ọkọ kó ṣe déédéé kó tó wọlé oníbàárà. Kí ẹni tó ń tà á sì la ẹnu sọ irú igi tó jẹ́, nítorí pé ayin tó ń jó pẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ àràbà tó ń jó fùù tó sì ń kú. Kí ó sọ ìgbà tí wọ́n gé e pẹ̀lú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á, ẹ béèrè. Ẹ má dákẹ́ nítorí ìtìjú. Tépù télọ̀ kò wọ́n. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ tí oníbàárà bá fi tépù yí ìdì igi ká lójú ọjà, ọjọ́ náà la ó mọ ẹni tó gé okùn kúrú.