Iṣẹ́ yín ni kó yan kọ̀ǹpútà fún yín, kì í ṣe iná aláràbarà

1/ Ẹ̀yin graphic designer, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fídíò, ẹ̀yin tí ẹ ń fi Blender ṣe 3D, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ wà. Ó ti sú mi láti máa rí àwọn ọ̀dọ́ tó kó gbogbo owó àjọ ra desktop tó ń tàn yanranyanran bí ilé ọtí, tí Photoshop sì ń há mọ́ wọn lọ́wọ́ lórí ẹ̀. Mo máa sọ ọ́ ṣàkó lónìí. Ẹni tó bá dùn, kó dùn ún.

2/ Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju ẹyọ kan lọ: iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ló yẹ kó yan parts fún yín. Kì í ṣe ẹni tó ń tà á. Kì í ṣe YouTuber tó ń gbá gémù ní Amẹ́ríkà, níbi tí iná ò ti wọ́n. Kì í ṣe RGB. Ẹni tí ò bá tíì lè sọ iṣẹ́ tó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe, kó jẹ́ kí owó ẹ̀ ṣì wà ní báǹkì.

3/ Ẹ wo bó ṣe máa ń lọ ní Computer Village, Ìkẹjà. Ẹ ò tíì wọ Ọ̀tígbà tán, wọ́n ti ń fà yín lọ́wọ́. "Àǹtí, kí lẹ fẹ́ rà?" Ẹ ní kọ̀ǹpútà tí ẹ máa fi ṣe design ni. Kò béèrè irú design wo. Kò béèrè software. Ó ti gbé kéèsì onígíláàsì kan síta, fáànù mẹ́fà ń tàn pupa, ń tàn búlúù: "Eléyìí máa gbé gbogbo ẹ̀, i7 ni!"

4/ Tó bá wá jẹ́ obìnrin ni yín, ọkùnrin tó sìn yín lọ ni wọ́n máa kọjú sí. Kódà kó jẹ́ àbúrò yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdírì. Owó wà nínú báàgì tiyín, àmọ́ òun ni wọ́n ń ṣàlàyé fún. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí fúnra yín. Ẹni tó mọ ohun tó ń wá, wọn ò lè fojú di í bọ̀rọ̀.

5/ "i7 ni." i7 wo? i7 àkọ́kọ́ jáde ní 2008! Core i7-2600 ti 2011 ní core 4. Core i3-12100 tó jáde ní 2022 náà ní core 4, ó sì yára ju i7 yẹn lọ fíìfíì. Bẹ́ẹ̀ ni, i3 ju i7 lọ. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn i7 ni kẹ́ ẹ kà: 2600 jẹ́ ìran kejì, 12100 jẹ́ ìran kejìlá. Tẹ́ni tó ń tà á bá sọ "i7" tí kò sì fẹ́ sọ nọ́ńbà tó kù, ẹ ti mọ ìdí.

6/ Ẹ wo lẹ́tà ìparí náà. Tí F bá wà níbẹ̀, bíi i5-12400F, kò ní graphics nínú. Tí ẹ ò bá fi graphics card kún un, monitor yín máa dúdú kirikiri ni. Ẹ̀yin oní-fídíò, graphics inú Intel yẹn ló gbé Quick Sync, tó ń jẹ́ kí fídíò H.264 àti H.265 tí fóònù àti kámẹ́rà ń ká máa ṣàn geere nínú Premiere. Wọ́n á ní F dín owó kù. Wọn ò ní sọ ohun tó bá owó yẹn lọ.

7/ Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, design náà kì í ṣe oríṣi kan. Tó bá jẹ́ CorelDRAW àti Illustrator lẹ fi ń ṣe flier, lógò àti iṣẹ́ ara ọ̀rá búrẹ́dì, processor tí core ẹ̀ kọ̀ọ̀kan yára lẹ nílò, pẹ̀lú RAM tó tó. i5-12400 tí kò ní F tàbí Ryzen 5 5600G máa ṣe é, àwọn méjèèjì ní graphics nínú. Graphics card olówó ńlá á kàn jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí wọn ò pè ni.

8/ Photoshop ńkọ́? RAM ni oúnjẹ ẹ̀. Adobe fúnra wọn ní 8GB ló kéré jù, 16GB ni wọ́n sì dámọ̀ràn. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe bánà ńlá oní-layer ọgọ́rùn-ún, tí Chrome tún ṣí tab ogún sílẹ̀, ẹ gbìyànjú kó jẹ́ 32GB. Tí RAM bá ti kún, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi disk ṣe RAM, ibẹ̀ ló ti ń há. Ẹ̀yin á máa bú processor, processor ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

9/ Ẹ ra RAM ní méjì-méjì: 8GB méjì sàn ju 16GB ẹyọ kan lọ, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń lo graphics inú processor. Graphics yẹn ò ní memory tiẹ̀, RAM ló ń yá lò. Tí RAM bá jẹ́ méjì, ọ̀nà méjì ni dátà ń gbà. Àtúnṣe yìí ò ná yín ní nǹkan tó pọ̀, àmọ́ àwọn tó ń tà á kì í sọ ọ́.

10/ 3D àti fídíò ni graphics card ti ń ṣiṣẹ́ gidi. Blender Cycles, DaVinci Resolve: ẹ náwó síbẹ̀, mi ò bá yín jà. Fún Cycles, NVIDIA ni mo máa mú, torí CUDA àti OptiX. Àmọ́ ẹ wo VRAM. RTX 3060 ti 2021 ní èyí tó jẹ́ 12GB, RTX 4060 tó dé ní 2023 jẹ́ 8GB. Èyí tó dé kẹ́yìn yára jù, ṣùgbọ́n tí scene yín bá ju 8GB lọ, iyára yẹn ò ní gbà yín. Ẹ sì ṣọ́ra o, 3060 oní-8GB náà wà lọ́jà.

11/ SSD. Hard disk ò gbọdọ̀ gbé Windows mọ́ láyé tá a wà yìí. Hard disk kì í sábà ka ju 200MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. SATA SSD ń ka nǹkan bíi 550MB. NVMe tó wọ́pọ̀ lọ́jà ti kọjá 2,000MB. Windows àti iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín, sórí NVMe. Iṣẹ́ àtijọ́, sórí hard disk. Ó tán.

12/ Wàyí o, ibi tí inú ti ń bí mi jù: power supply. Gbogbo ayé ń pariwo processor, kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tó ń bọ́ ọ. Wọ́n á fi èyí tó bá kéèsì wá síbẹ̀, ó fúyẹ́ bíi páálí òfìfo, wọ́n kọ 500W gàdàgbà sí i lára. Ibi tá a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Ohun tó ń gbé gbogbo ẹ̀rọ dúró lẹ fi ń ṣe ẹ̀ní?

13/ Ẹ kọ́ ìṣirò yìí. Ara power supply ni wọ́n máa ń kọ amp ti 12V sí, ẹ fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀. Tí wọ́n bá kọ 500W, àmọ́ tí 12V ẹ̀ jẹ́ 18A, 12 lọ́nà 18 jẹ́ 216W. Ohun tó lè fún processor àti graphics card yín kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣe ìṣirò náà ní ṣọ́ọ̀bù, lójú ẹni tó ń tà á. Kẹ́ ẹ tún wá àmì 80 Plus, kẹ́ ẹ sì yẹ orúkọ ẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí ayédèrú sítíkà pọ̀.

14/ Ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣe ìwé ètò ìgbéyàwó lọ́wọ́, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ayẹyẹ pé, power supply bẹ́ẹ̀ bú gbàù, ó sì mú motherboard lọ. Ẹni tó tà á fún un ní "NEPA ló fà á". NEPA ní ẹ̀ṣẹ̀ tiẹ̀, àmọ́ irin tí kò tó nǹkan lẹ tà fún un, ọ̀gá. Ta ló san owó oníbàárà padà? Òun ni.

15/ Bẹ́ẹ̀, iná tiwa náà rèé: á lọ láìdágbére, á dé pẹ̀lú ìbínú. Laptop ní bátìrì, desktop ò ní. Ẹ fi owó UPS sínú owó kọ̀ǹpútà látìbẹ̀rẹ̀. VA tí wọ́n kọ gàdàgbà sí i lára kì í ṣe watt o, watt ẹ̀ máa ń kéré sí i, watt lẹ máa béèrè. Iṣẹ́ UPS ni láti fún yín ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kẹ́ ẹ fi save kẹ́ ẹ sì pa ẹ̀rọ. Kò wà fún iṣẹ́ àṣemọ́jú.

16/ Owó iná ńkọ́? Ní oṣù kẹrin 2024, NERC gbé iná Band A lọ sí ₦225 fún unit kan. Ó ti yí díẹ̀ látìgbà yẹn, ẹ jẹ́ ká ṣáà fi ṣírò. Ẹ̀rọ tó ń fa 120W fún wákàtí 8 máa jẹ ₦216 lójúmọ́. Èyí tó ń render, tó ń fa 400W, máa jẹ ₦720. Fi ọjọ́ 25 sọ ọ́ di púpọ̀: ₦5,400 sí ₦18,000. Ẹ̀yin 3D, ẹ fi owó yìí sínú iye tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹ yéé fi iná ta wọ́n lọ́rẹ.

17/ Monitor. Ẹ ra processor gọbọi, ẹ wá ń fi TN àlòkù wo iṣẹ́, èyí tí àwọ̀ ẹ̀ ń yí tẹ́ ẹ bá ti gbé orí díẹ̀. Ìyàwó yàn àwọ̀ aṣọ ẹbí, ẹ fi ṣe káàdì ìpè, ẹ gbé e lọ sí Ṣómólú fún títẹ̀, ó jáde láwọ̀ míì. Oníbàárà ò ní bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jà, ẹ̀yin ló máa bá jà. IPS ni kẹ́ ẹ rà, tó sún mọ́ 100% sRGB, kẹ́ ẹ sì ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní CMYK. 144Hz wà fún àwọn tó ń gbá gémù. Flier kì í sáré.

18/ Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá. Kéèsì onígíláàsì tí iwájú ẹ̀ dí pa, ibo ni atẹ́gùn fẹ́ gbà wọlé? Tí ooru bá mú processor, á dín iyára ara ẹ̀ kù. Ẹ ra kéèsì tí iwájú ẹ̀ jẹ́ nẹ́ẹ̀tì, tó ní àsẹ́ tẹ́ ẹ lè yọ, kẹ́ ẹ máa gbọn eruku ọyẹ́ kúrò. Owó RGB yẹn, ẹ fi kún RAM.

19/ Mo gbọ́ yín: "Tí mo bá ra èyí tó lágbára jù lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní tún rà mọ́." Irọ́ ni. Àǹfààní desktop ni pé ẹ lè pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Socket AM4 ti AMD gba Ryzen ti 2017, ọ̀pọ̀ motherboard ẹ̀ sì gba Ryzen 5000 lẹ́yìn BIOS update. AM5 dé ní 2022, DDR5 nìkan ló ń gbà, RAM DDR4 yín ò ní wọ ibẹ̀. Ẹ ra motherboard àti power supply tó dáa lónìí, kẹ́ ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀la.

20/ Mo tún gbọ́ ẹni tó ní "laptop ló bá Nàìjíríà mu". Òótọ́ wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, tí ẹ ò ní inverter, tó jẹ́ pé ibi tí iná bá wà lẹ ń sá lọ, ẹ ra laptop, kò sẹ́ni tó máa dá yín lẹ́bi. Àmọ́ tí àyè iṣẹ́ yín bá dúró sójú kan, desktop ló máa fún yín ní agbára púpọ̀ sí i lórí owó kan náà. Tí nǹkan kan bá sì bàjẹ́, nǹkan kan yẹn náà lẹ máa rà.

21/ Tòkunbọ̀ ńkọ́? Mi ò kórìíra ẹ̀. OptiPlex tí wọ́n lò ní ọ́fíìsì Yúróòpù lè gbé CorelDRAW dáadáa. Ṣùgbọ́n Windows 11 ò gba Intel tó ju ìran kẹjọ lọ ní àtijọ́, àfi díẹ̀, Microsoft sì ti dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró ní 14 oṣù kẹwàá 2025. Ẹ tún wo inú ẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn ní power supply tí kì í ṣe ti gbogbogbò, pípààrọ̀ ẹ̀ á di wàhálà.

22/ Kí ló dé tí mo ń bínú báyìí? Dọ́là ni wọ́n fi ń ra parts wọ̀lú. Kí oṣù kẹfà 2023 tó dé, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi ₦460 ní báǹkì. Nínú 2024, ó kọjá ₦1,500. Part kan tí kò wúlò fún yín lè jẹ́ flier oṣù mélòó kan. Ẹlòmíì, owó tí ìyá ẹ̀ yá nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni. Wọ́n sì ní kó fi ra iná tó ń yí àwọ̀?

23/ Gbogbo àwọn tó ń tajà kọ́ ló burú. Àwọn kan wà tó máa ní "ẹ má ra èyí, kò yẹ yín". Ẹ di irú wọn mú. Àmọ́ ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kẹ́ ẹ tó sanwó: kí wọ́n tan ẹ̀rọ lójú yín, ẹ ṣí Task Manager, ẹ wo processor, RAM àti graphics card. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà part kọ̀ọ̀kan sí rìsíìtì. Ẹni tó bá ní kò sáyè, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

24/ Kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà, ẹ kọ ìdáhùn sí fóònù yín: Software wo? Fáìlì mi tó tóbi jù tó báwo? Ibo ló máa wà? Iná wo ló máa gbé e? Kí ni mo máa fi kún un lọ́dún tó ń bọ̀? Ẹ fi ìdáhùn yẹn lé ẹni tó ń tà á lọ́wọ́, kó wá parts tó bá a mu. Ẹ̀yin lẹ gbé iṣẹ́ fún un o, òun kọ́ ló gbé e fún yín.

25/ RGB ò ní bá yín san gbèsè. Tẹ́ ẹ bá mọ ẹnì kan tó ti ń ka owó láti lọ ra kọ̀ǹpútà lọ́sẹ̀ yìí, ẹ fi thread yìí ránṣẹ́ sí i kó tó jáde nílé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta "beast" fún ọmọ tó ń ṣe flier, mo wà ní comment, ẹ máa bọ̀.