Iye Plọ́ọ̀gì Kọ́ Ni Eré Ọkọ̀: Ìwé-Pẹlẹbẹ fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ Tó Yá Nílẹ̀

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn tí ń ra ọkọ̀ tòkunbọ̀, láti ọjà Kutọnu títí dé Èkó àti Ìbàdàn, pé ẹni tó bá ń wá ọkọ̀ tó lè sáré, tó sì dùn ún wà, kò gbọdọ̀ ra èyí tó bá dín sí oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà, àti pé ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a ló ń ra oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ́, ó sì ń ṣe ìpalára, nítorí pé òun ló ń mú kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kó gbogbo owó tí wọ́n fi òógùn ojú wá lé ẹ́ńjìnnì ńlá tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀, tí kò fi ní sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn mọ́ láti ra táyà tí yóò gbé eré náà, tàbí bíréèkì tí yóò dá a dúró.

Plọ́ọ̀gì ni ohun kékeré tí ń ṣáná sí àdàlù epo bẹntiróòlù àti afẹ́fẹ́ nínú sìlíńdà, ìyẹn ihò róbótó inú ẹ́ńjìnnì tí irin tí wọ́n ń pè ní písítìn ti ń lọ sókè sódò. Nítorí pé plọ́ọ̀gì kan ló sábà máa ń wà fún sìlíńdà kan, àwọn mẹkáníìkì a máa fi iye plọ́ọ̀gì mọ irú ẹ́ńjìnnì. Agbára ẹṣin ni wọ́n fi ń wọn okun tí ẹ́ńjìnnì ń mú wá. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi òtítọ́ pamọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí: Honda Accord ọdún 2003 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, tó jẹ́ oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin àti lítà 2.4, ní agbára ẹṣin 160, oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà rẹ̀ tó jẹ́ lítà 3.0 sì ní 240, bí àwọn méjèèjì bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé iṣẹ́, tí ojú ọ̀nà tẹ́jú tó sì ṣófo, èkejì yóò fi èkíní sílẹ̀ láìsí àríyànjiyàn. Ohun tí àwọn oníṣòwò ọkọ̀ kì í sọ fún oníbàárà ni pé agbára nìkan kọ́ ló ń bí eré, pé kò sí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé iṣẹ́ nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n tò sílẹ̀ yẹn, àti pé ojú ọ̀nà tó tẹ́jú tó sì ṣófo ṣọ̀wọ́n.

Ohun tó ń bí eré ni iye agbára ẹṣin tó kan tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan nínú ìwúwo ọkọ̀. Ẹ̀rí tó dájú jù lọ wà lára ẹ́ńjìnnì kan tí Toyota àti Yamaha jọ ṣe, tí wọ́n ń pè ní 2ZZ-GE, oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin tí kò ju lítà 1.8 lọ. Wọ́n fi í sínú Toyota Matrix XRS ọdún 2003 àti Pontiac Vibe GT tó jẹ́ ìbejì rẹ̀, níbi tó ti ń mú agbára ẹṣin 180 wá fún ọkọ̀ tó wúwo tó nǹkan bíi 1,270 kìlógíráàmù, èyí tó túmọ̀ sí pé nǹkan bíi 140 ló kan tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni ilé iṣẹ́ Lotus ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi sínú Elise, ọkọ̀ eré tí kò wúwo tó 900 kìlógíráàmù, níbi tó ti ní 190, ó sì di pé agbára ẹṣin tó lé ní 200 ló kan tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, nígbà tí Accord oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà, tó wúwo tó nǹkan bíi 1,500, kò rí ju bíi 160 lọ. Elise kì í ṣe ọkọ̀ ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Matrix àti Vibe wà káàkiri ọjà, ẹni tó bá sì ní sùúrù láti wo ẹ̀yìn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lè rí èyí tí wọ́n kọ XRS tàbí GT sí, tó ní jíà àfọwọ́yí mẹ́fà. Adùn ọkọ̀ yìí kò ṣe é fi owó rà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá: bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ti yí kọjá ìgbà 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, irin mìíràn lórí ẹ́ńjìnnì yóò gba iṣẹ́ ṣíṣí fáàfù, ìyẹn ẹnu-ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú sìlíńdà, fáàfù náà yóò ṣí jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, ohùn ọkọ̀ yóò yí padà lójijì, ẹni tó ń wà á yóò sì mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ara rẹ̀ pé ìjókòó ń tì í síwájú.

Ìtàn ìdíje ọkọ̀ kò yàtọ̀ sí èyí. Mini Cooper S, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó lítà 1.3, gba ìdíje Monte Carlo lọ́dún 1964, 1965 àti 1967, lórí òkè àti nínú yìnyín. Peugeot 504 oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin gba ìdíje Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà lọ́dún 1975, ọdún náà gan-an tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot ní Kàdúná, àwọn àgbà tó sì ti wọ 504 láti ìlú dé ìlú kò nílò ẹni tí yóò sọ fún wọn bí ó ṣe ń sáré.

Ìwúwo tún ń jà níbi dídúró. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ohun tí bíréèkì ní láti pa di ìlọ́po mẹ́rin, bí ìwúwo bá sì fi ìdá kan nínú mẹ́rin pọ̀ sí i, iṣẹ́ bíréèkì pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà. Nínú ọkọ̀ tí táyà iwájú ń fà, iwájú ni gbogbo ìwúwo ẹ́ńjìnnì ńlá jókòó sí, táyà kan náà tó ń fà á ló ń yí i, nítorí náà bí kọ́nà bá dé lójijì, imú ọkọ̀ a máa fẹ́ lọ tààrà. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà pàápàá kò gbà ju kìlómítà 100 ní wákàtí kan lọ fún ọkọ̀ aládàáni lójú ọ̀nà márosẹ̀, oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá yóò sì dé ibẹ̀ láìmí gúlegúle.

Ọ̀rọ̀ owó ló wúwo jù. Accord oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin yẹn ń lo ṣéènì láti so yíyí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ ṣíṣí àti pípadé fáàfù. Bẹ́líìtì rọ́bà eléyín ni oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà rẹ̀ ń lò, èyí tí wọ́n ń pè ní táímìn bẹ́líìtì, tó sì yẹ kí wọ́n pààrọ̀ bí ọkọ̀ bá rin nǹkan bíi máìlì 105,000 tàbí tó bá pé ọdún méje. Bí bẹ́líìtì náà bá já lórí eré, fáàfù yóò wà ní ṣíṣí nígbà tí písítìn ń bọ̀ lókè, irin yóò gbá irin, fáàfù yóò tẹ̀, orí ẹ́ńjìnnì yóò sì di ohun tí wọ́n ń tú sílẹ̀. Ọkọ̀ ọdún 2003 ti kọjá ọdún méje tipẹ́, oníṣòwò tó sì lè sọ ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì náà kẹ́yìn kò pọ̀. Kí oníbàárà fi owó orí epo kún un, pàápàá láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023.

Àwọn kan ń sọ pé ẹ́ńjìnnì kékeré máa ń tètè kú nítorí pé ó ń ṣe làálàá. Ohun tó ń pa ẹ́ńjìnnì ni ọ́ìlì tí wọn kò pààrọ̀ àti omi rédíétọ̀ tó ti gbẹ, méjèèjì kò sì mọ kékeré yàtọ̀ sí ńlá.

Nítorí náà, kí ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ya bí ìdá kan nínú márùn-ún sọ́tọ̀ kó tó wọ ọjà, fún táyà, bíréèkì àti ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ẹsẹ̀ ọkọ̀, ìyẹn àwọn irin, sípíríìngì àti rọ́bà tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀. Kó tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kó wá nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT: bí ó bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe táyà náà, bó ti wù kí eyín rẹ̀ ga tó. Kó lọ ní òwúrọ̀, láìránṣẹ́ ṣáájú, kí ẹ́ńjìnnì lè tutù nígbà tó bá fọwọ́ kàn án, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tó ti móoru a máa fi èéfín àti ariwo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pamọ́. Bí ó bá sì bá a ní gbígbóná, kó ní òun yóò padà wá lọ́la, kó sì wo ojú ẹni tó ń tà á dáadáa bó ti ń sọ bẹ́ẹ̀.