Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ọmọ Amẹ́ríkà: kí ni wọ́n ń wá lọ sí Ṣáínà?

Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Xi Jinping ti orílẹ̀-èdè Ṣáínà lọ bá Joe Biden, tó jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ṣèpàdé nítòsí ìlú San Francisco, ọ̀rọ̀ ohun ìjà, ọ̀rọ̀ Taiwan àti ọ̀rọ̀ òwò ni etí gbogbo ayé wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi àsè alẹ́ tí àwọn oníṣòwò ńlá Amẹ́ríkà ti gbà á lálejò, Xi sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò kọbi ara sí. Ó ní láàrin ọdún márùn-ún, Ṣáínà ti ṣe tán láti pe ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà wá sí ilẹ̀ òun, kí wọ́n wá kẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n sì wá fojú ara wọn rí i.

Láti ìgbà náà, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà bá wà lẹ́nu ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tí wọ́n máa ń gbà nígbà ooru, àwòrán wọn kì í wọ́n nínú ìwé ìròyìn Ṣáínà. Ẹ óò rí ọmọkùnrin tó di búrọ́ọ̀ṣì mú, tó ń fi tàdáwà dúdú kọ̀wé sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ óò rí ọmọbìnrin tó ń fi ìyẹ̀fun pípò di ẹran lílọ̀ àti ewébẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní jiaozi. Ẹ óò rí wọn lórí Odi Ńlá, òógùn ti bo ojú wọn, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu wọn. Ẹni tó bá wò ó wàràwàrà lè sọ pé ìgbafẹ́ ọmọdé ni. Bẹ́ẹ̀, owó ìjọba wà nídìí rẹ̀, ìjà àwọn alágbára méjì sì wà nídìí owó náà.

Xi fúnra rẹ̀ mọ ohun tí ìrìn-àjò kékeré lè bí. Lọ́dún 1985, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tó ń ṣe olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Kọ́múníìsì ní Zhengding, agbègbè àwọn àgbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Hebei, òun àti àwọn mélòó kan wá sí Muscatine, ìlú kékeré kan létí odò Mississippi ní ìpínlẹ̀ Iowa. Iṣẹ́ oko ni wọ́n wá wò. Ilé onílé ni wọ́n fi í wọ̀ sí, nínú yàrá tí ọmọ ilé náà fi sílẹ̀ nígbà tó lọ sí yunifásítì. Kò lò tó ọ̀sẹ̀ kan nílùú náà. Síbẹ̀, nígbà tó di igbá-kejì ààrẹ, ó padà síbẹ̀ lọ́dún 2012, ó jókòó ti àwọn tó gbà á lálejò ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ó sì pè wọ́n ní ọ̀rẹ́ àtijọ́. Nígbà tí ètò ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta yìí sì bẹ̀rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama Muscatine wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbéra, nínú òtútù oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2024. Ẹni tó ti jàǹfààní ìrìn-àjò ọjọ́ díẹ̀ ló ń fi irú rẹ̀ lọ àwọn ọmọ ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò yìí pé oríṣiríṣi, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí Ṣáínà ń pè kì í lò ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń fi gbogbo ìsinmi wọn kọ́ èdè. Princeton in Beijing, tí Yunifásítì Princeton dá sílẹ̀ lọ́dún 1993 pẹ̀lú Yunifásítì Beijing Normal, jẹ́ ọ̀kan tí òkìkí rẹ̀ kàn fún ìnira. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n ń lò. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò tọwọ́ bọ̀wé pé èdè Ṣáínà nìkan lòun yóò máa sọ, ì báà jẹ́ nínú kíláàsì, ì báà jẹ́ nídìí oúnjẹ, ì báà jẹ́ nígbà tí inú ń bí i.

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá ló lè mọ ìyà tó ń jẹ wọ́n níbẹ̀. Èdè olóhùn ni èdè Ṣáínà bíi tiwa. Ohùn mẹ́rin ni wọ́n ní. Bí o bá pe “ma” lọ́nà kan, ìyá ni; bí o bá pè é lọ́nà kejì, ewéko tí wọ́n fi ń ṣe okùn ni; ìkẹta, ẹṣin ni; ìkẹrin, kí èèyàn máa bú ẹnì kejì rẹ̀ ni. Àwa náà ní ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tó ń kó èrò, àti ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù. Ọmọ Ìbàdàn kò ní í ka èyí sí nǹkan bàbàrà. Ṣùgbọ́n ọmọ Iowa tó dàgbà sínú èdè tí kì í fi ohùn ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì lè fi gbogbo oṣù Keje máa pe ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹṣin, ìyá náà yóò sì máa rẹ́rìn-ín, yóò máa bù jiaozi sí i lábọ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń kọ́ àwọn aṣojú rẹ̀ ní èdè ti ṣírò rẹ̀ pé ẹni tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè abínibí rẹ̀ nílò nǹkan bíi 2,200 wákàtí nínú kíláàsì kó tó lè fi èdè Ṣáínà ṣiṣẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ogún wákàtí kàwé lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, 160 wákàtí ni àpapọ̀ rẹ̀. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Nítorí náà, kò sí ẹni tó ń gbọ́ èdè yìí tán nígbà ooru kan. Ohun tí 160 wákàtí lè ṣe ni pé kí ọmọ náà lè dá ọkọ̀ wọ̀, kó lè ná èso lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á létí títì, kó sì mọ ìgbà tí wọ́n bá fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Ẹni tó bá lè ṣe é ti bọ́ kúrò lọ́wọ́ amọ̀nà.

Ẹni tó wà lọ́wọ́ amọ̀nà ńkọ́? Ohun tí wọ́n bá fẹ́ kó rí ni yóò rí. Wọn yóò mú un lọ wo ààfin àwọn ọba àtijọ́ ní Beijing. Wọn yóò mú un lọ sí Xi’an, níbi tí àwọn àgbẹ̀ tó ń gbẹ́ kànga lọ́dún 1974 ti kan àwọn ọmọ-ogun alámọ̀ tí wọ́n sin sí ẹ̀gbẹ́ ibojì ọba. Wọn yóò gbé e wọ rélùwéè tó ń sáré 350 kìlómítà ní wákàtí kan láti Beijing lọ sí Shanghai, ojú ọ̀nà tó lé ní 1,300 kìlómítà, kò sì ní í tó wákàtí márùn-ún tí yóò fi dé ibẹ̀. Ìwúrí ni gbogbo rẹ̀, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá dúró ní gbàgede Tiananmen, kò sí amọ̀nà tí yóò sọ fún un nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹfà, ọdún 1989, nígbà tí ọmọ-ogun Ṣáínà yìnbọn pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtàwọn ará ìlú nígboro Beijing. Bó bá sì fẹ́ wò ó lórí fóònù rẹ̀, yóò rí i pé Google kò ṣí, Facebook kò ṣí, WhatsApp pàápàá kò ṣí.

Àwọn kan ní Amẹ́ríkà ń tìtorí èyí sọ pé ẹ̀tàn ni gbogbo rẹ̀, kí wọ́n má rán ọmọ wọn lọ mọ́. Mi ò bá wọn lọ síbẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ojú àlejò là ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń san án. Ta ni kì í gbálẹ̀ kí àlejò tó dé? Bí àlejò bá wá sọ́dọ̀ tiwa, aṣọ òkè la óò wọ̀, dùndún la óò lù fún un, a kò ní í mú un lọ síbi tí gọ́tà ti dí. Ohun tó yẹ kí èèyàn bi onílé ni bóyá ó gbà kí àlejò òun dá jáde lẹ́yìn tó bá jẹun tán.

Lórí ìyẹn, ìwà Ṣáínà kò bá ìpè rẹ̀ mu. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Yunifásítì Harvard fi ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ kọ́ èdè nígbà ooru ní Yunifásítì Beijing Language and Culture. Lọ́dún 2021, wọ́n kéde pé àwọn ń kó ètò náà lọ sí Taipei, ní Taiwan. Ẹni tó ń darí ètò náà sọ pé àwọn tó ń gbà àwọn lálejò kò fi ọ̀yàyà hàn mọ́, pé ibùgbé àti kíláàsì di ohun tí àwọn ń jà fún, pé lọ́dún 2019, wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe ayẹyẹ òmìnira Amẹ́ríkà ti ọjọ́ kẹrin oṣù Keje tí wọ́n máa ń ṣe. Ní oṣù Kẹfà, ọdún 2024, oṣù méje péré lẹ́yìn ọ̀rọ̀ San Francisco, Nicholas Burns, tó jẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Beijing nígbà náà, sọ fún ìwé ìròyìn Wall Street Journal pé ó ti di ìgbà mọ́kànlélọ́gọ́ta tí àwọn aláṣẹ dí àwọn ará ìlú lọ́wọ́ láti wá síbi ètò tí Amẹ́ríkà ṣe, tàbí tí wọ́n dẹ́rù bà wọ́n nítorí pé wọ́n wá. Ṣáínà ní kò rí bẹ́ẹ̀. Inú oṣù yẹn kan náà ni ọkùnrin kan fi ọ̀bẹ gún àwọn olùkọ́ mẹ́rin láti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Cornell ti Iowa nínú ọgbà ìgbafẹ́ kan ní ìlú Jilin, àti ará Ṣáínà kan tó fẹ́ gbà wọ́n sílẹ̀. Ọlọ́run yọ wọ́n, kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n òbí wo ni yóò gbọ́ ọ tí ọkàn rẹ̀ kò ní í fò?

Amẹ́ríkà náà kò mọ́wọ́ dúró. Ní oṣù Keje, ọdún 2020, Donald Trump fọwọ́ sí àṣẹ tó fòpin sí ètò Fulbright sí Ṣáínà àti Hong Kong, ètò tó ń fowó ìjọba rán àwọn ọ̀mọ̀wé àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀. Àrùn Kòrónà sì ti ti ẹnubodè pa, Ṣáínà kò sì ṣí i padà gbayawu títí di oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2023. Ẹ wo ohun tí èyí dà: ní sáà ẹ̀kọ́ 2018 sí 2019, 11,639 akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà ló lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Ṣáínà, gẹ́gẹ́ bí Institute of International Education, tó ń ka irú èyí lọ́dọọdún, ṣe sọ. Ní sáà 2021 sí 2022, 211 ni wọ́n. Sáà tó tẹ̀ lé e, 469. Ní ti Ṣáínà, àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì Amẹ́ríkà ní sáà 2023 sí 2024 lé ní 277,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti dín kù sí ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ fi méjèèjì wéra. Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò sọ pé kò sí oko tó tóbi tó ti baba òun. Àwọn ọmọ Ṣáínà ti dé oko baba Amẹ́ríkà, wọ́n mọ ebè rẹ̀, wọ́n mọ ibi tí koríko ti hù. Ọmọ Amẹ́ríkà tí yóò jókòó fún ìjọba rẹ̀ ní ogún ọdún sí i láti dúnàádúrà lórí Taiwan lè jẹ́ ẹni tó jẹ́ pé ẹnu àwọn olóṣèlú nìkan ló ti gbọ́ nípa Ṣáínà. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọjọ́ mẹ́wàá lọ́wọ́ amọ̀nà sàn ju àìlọ lọ, bí kò tilẹ̀ tó. Síbẹ̀, ìlẹ̀kùn apá ti Amẹ́ríkà pàápàá kò dúró sójú kan. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2025, Marco Rubio, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún wọn, ní àwọn yóò gba físà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Ṣáínà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, Trump ní àyè wà fún ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa bó ṣe jọ. Àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń kàwé ní Ṣáínà lọ́dún 2018 lé ní 81,000, ọmọ Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ní Yunifásítì Èkó, Ilé-ẹ̀kọ́ Confucius, tí owó Ṣáínà ń ràn lọ́wọ́, ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa lédè wọn láti bí ọdún 2009. Ní Beijing pàápàá, èdè Yorùbá wà lára àwọn èdè bí ọgọ́rùn-ún tí Yunifásítì Beijing Foreign Studies kà sí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà náà sì ti wá lo ìgbà ooru ní Ifẹ̀ àti Ìbàdàn rí láti kọ́ Yorùbá, lábẹ́ ètò Fulbright-Hays. Owó orílẹ̀-èdè wọn ló gbé wọn wá. Ṣáínà ń náwó kí wọ́n lè wá gbọ́ èdè rẹ̀, àlejò ló ń náwó kó lè wá gbọ́ tiwa, kò sì tíì sí ìjọba kan nílẹ̀ Yorùbá tó bèèrè iye tí yóò ná òun láti pe ọgọ́rùn-ún ọmọ àjèjì, ká má tilẹ̀ dárúkọ àwọn ọmọ tiwa tí wọ́n bí sí London àti Houston.

Ìparí ọdún 2028 ni ọdún márùn-ún tí Xi dá yóò pé. Ó ṣeé ṣe kí iye náà pé, nítorí ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ kan gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Shanghai, wọn yóò kà á mọ́ ọn. Iye tí èmi yóò máa wò ni ti àwọn tó dúró di sáà ẹ̀kọ́ kan, tí wọ́n gba yàrá, tí wọ́n ń dá lọ sọ́jà. Láti orí 469 ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìyẹn.