Kí A Kọ́kọ́ Lé Akátá Lọ Ná

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di àṣà lẹ́nu àwa àgbà nísinsìnyí, nígbàkúùgbà tí ìròyìn bá dé pé a ti pa ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ó gbajúmọ̀ lórí TikTok, tàbí Instagram, tàbí Facebook. Kí a tó béèrè ẹni tí ó pa á, kí a tó béèrè bí àwọn òbí rẹ̀ ti ṣe, a ó ti wí pé: "Ta ni ó rán an níṣẹ́? Ṣé òun nìkan ni ó ní ojú, tí ó fi ń gbé e fún gbogbo ayé wò?" Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni mo ṣe mú kálàmù. Mo fẹ́ fi han ẹ̀yin ọba àti ìjòyè, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé inú ẹgbẹ́ wa, pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọgbọ́n àgbà. Ọ̀kan ni ó jẹ́ nínú àwọn ohun tí ń ki apànìyàn láyà.

Àwọn baba wa kò pa òwe lásán nígbà tí wọ́n wí pé kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó padà wá bá adìẹ wí. Òwe náà kò sọ pé adìẹ kò ní ẹ̀bi. Ó mọ̀ pé adìẹ a máa jẹ̀ jìnnà sí ilé. Ohun tí ó ń kọ́ wa ni èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú. Ẹni tí ó bá dúró tí ń bá adìẹ wí nígbà tí akátá ṣì wà nínú àgbàlá, akátá ni ó ń ràn lọ́wọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ tuntun tàn wá jẹ. Kí ènìyàn máa fi ojú, ohùn, ijó àti ẹ̀fẹ̀ wá oúnjẹ òòjọ́ kì í ṣe ohun titun ní ilẹ̀ Yorùbá. Alárìnjò ṣe é, onírárà ṣe é, onílù sì ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ alárìnjò bá wọ ìlú, ààfin tàbí ilé baálẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ. Wọn a júbà, a ó sì gbà wọ́n. Láti ìgbà náà lọ, àlejò ọba ni wọ́n. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kàn wọ́n, ọba ni ó fi ọwọ́ kàn. Ọmọbìnrin òde òní tí ó jókòó sí yàrá rẹ̀, tí ó sì fi fóònù ṣe eré, lè wọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ilé ní alẹ́ ọjọ́ kan, kì yóò sì jẹ́ àlejò ẹnikẹ́ni nínú wọn. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ìlú tí ó dìde fún un. Àlàfo yìí ni ikú ń gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn kan dáradára, nítorí ó dé ilé ẹjọ́, ìdí rẹ̀ sì hàn kedere. Ní agbègbè Punjab ní orílẹ̀-èdè Pakistan, a bí ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Fouzia Azeem sí ìdílé tálákà. Orí ayélujára ni ó ti di ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Qandeel Baloch. Ó ń fi fídíò ṣe ẹ̀fẹ̀, ó ń sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ nípa ọkùnrin àti ìgbéyàwó, ó sì ń múra ní ọ̀nà tí kò tẹ́ ọ̀pọ̀ ará ilẹ̀ rẹ̀ lọ́rùn. Wọ́n ń bú u, síbẹ̀ wọ́n ń wò ó. Owó tí ó ń rí níbẹ̀ ni ó fi ń gbọ́ bùkátà àwọn òbí rẹ̀. Ní ọdún 2016, àwọn oníròyìn tú orúkọ rẹ̀ gan-an àti ibi tí ó ti wá síta. Ó ké sí ìjọba pé ẹ̀mí òun wà nínú ewu, kí wọ́n fún òun ní ẹ̀ṣọ́. Wọn kò fún un. Ní oṣù July ọdún náà, ó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní ìlú Multan. Níbẹ̀, lábẹ́ òrùlé àwọn tí ó ń bọ́, ni arákùnrin rẹ̀ ti fún un lọ́rùn pa lójú oorun. Ọmọ ọdún 26 ni.

Nígbà tí ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ arákùnrin náà, ó dúró níwájú àwọn oníròyìn, ó sì wí pé òun kò kábàámọ̀, nítorí ọmọ náà ti ba orúkọ ìdílé jẹ́. Ní oṣù October 2016, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Pakistan ṣe òfin pé ìdáríjì ìdílé kì yóò tún gba irú apànìyàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n gbére. Ní ọdún 2019, ilé ẹjọ́ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ṣùgbọ́n ní oṣù February 2022, ilé ẹjọ́ kòtẹ́míilọ́rùn dá a sílẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn òbí rẹ̀ ti dárí jì í. Ǹjẹ́ ẹ̀yin rò pé ọkùnrin yìí dá nìkan gbé ìdájọ́ rẹ̀ kalẹ̀ bí? Rárá. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu àdúgbò kí ó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un ṣẹ. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni òun fi ṣe òfin.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì wí pé aṣọ tí Qandeel ń wọ̀ ni ó pa á, kí olúwarẹ̀ gbọ́ nípa Lamu. Obìnrin ẹ̀yà Tibet ni, ní agbègbè Sichuan ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ohun tí ó ń fi han àwọn ènìyàn nínú fídíò kò ju bí ó ti ń wá ewé àti egbò lórí òkè, bí ó ti ń se oúnjẹ, àti bí ìdílé rẹ̀ ti ń gbé. Kò bọ́ra sílẹ̀, kò fi owó yangàn. Ọkọ rẹ̀ a máa lù ú, ọ̀ràn náà sì ti dé etí àwọn aláṣẹ, ṣùgbọ́n ọ̀ràn abẹ́lé ni wọ́n kà á sí. Ó kọ ọkùnrin náà sílẹ̀. Ní oṣù September 2020, nígbà tí àwọn ènìyàn ń wò ó lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, ọkùnrin náà da epo lé e lára, ó sì fi iná sí i. Kò lò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ó fi kú. Ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ ikú fún ọkùnrin náà ní ọdún 2021, a sì pa á ní ọdún 2022. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ tí ó pẹ́ dé kò jí òkú dìde.

Ní ìlú Orlando ní Amẹ́ríkà, ní oṣù June 2016, Christina Grimmie, akọrin ọmọ ọdún 22 tí YouTube sọ di olókìkí, ń kí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn eré, nígbà tí ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí yìnbọn lù ú. Ní ìlú Islamabad, ní oṣù June 2025, a yìnbọn pa Sana Yousaf, ọmọ ọdún 17, nínú ilé wọn. Àwọn ọlọ́pàá wí pé ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 22 tí wọ́n mú ti ń wá ọ̀nà àtibá a dọ́rẹ̀ẹ́ léraléra, ọmọ náà sì ń kọ̀ fún un. Ọ̀fọ̀ rẹ̀ kò tíì kúrò nílẹ̀ tí àwọn kan fi ń kọ ọ́ sórí ayélujára pé ohun tí ó gbìn ni ó ká.

Ẹ wo ohun tí ó so àwọn ọ̀ràn wọ̀nyí pọ̀. Kì í ṣe aṣọ, nítorí aṣọ wọn kò dọ́gba. Kì í ṣe ẹ̀sìn, kì í sì í ṣe orílẹ̀-èdè. Ní ìgbà púpọ̀, ọkùnrin kan wà tí ó gbà pé obìnrin náà jẹ́ ohun ìní òun tàbí ti ìdílé òun, tí kò sì lè fara da "rárá" lẹ́nu rẹ̀. Fóònù ń mú àìsàn yìí le sí i, nítorí ẹni tí ń wo ojú kan lójoojúmọ́ a máa rò pé òun mọ̀ ọ́n, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi rò pé òun ni ó ni ín.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wí pé ọ̀ràn òkèèrè ni èyí. Ní oṣù July 2012, àwọn ọkùnrin kan tan ọmọbìnrin kan wá sí Èkó, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó tún ń ṣòwò aṣọ, tí wọ́n ti bá dọ́rẹ̀ẹ́ lórí Facebook. Ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Festac ni wọ́n ti pa á. Ní oṣù March 2017, ilé ẹjọ́ gíga ti Èkó dá ẹjọ́ ikú fún méjì nínú wọn. Ọmọ náà kì í ṣe gbajúmọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ikú gbà wọlé tọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹnu sì ń béèrè nígbà náà pé kí ni ó wá lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì.

Òfin kò ṣàìsí ní ilẹ̀ wa. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti ọdún 2015, tí a tún ṣe ní ọdún 2024, ka fífi ẹ̀rọ dẹ́rù ba ènìyàn sí ẹ̀ṣẹ̀. Òfin tí ó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, ti ọdún 2015 kan náà, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti sọ di tiwọn, ka lílépa ènìyàn kiri sí ẹ̀ṣẹ̀. Láti ọdún 2007 ni Èkó ti ní òfin ìdáàbòbò lọ́wọ́ ìwà ipá abẹ́lé. Ṣùgbọ́n ta ni à ń fi òfin orí ayélujára náà gbè? Àwọn oníròyìn àti àwọn tí ó bu ẹnu àtẹ́ lu aláṣẹ ni a ti fi mú nígbà púpọ̀. Bí ọlọ́lá kan bá wí pé a bú òun, ọlọ́pàá a tètè dìde. Bí ọmọ tálákà bá mú ìhàlẹ̀ ikú wá, a ó ní kí ó lọ pa fóònù rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, "Olùkọ́, àwọn ọmọ wọ̀nyí kò mọ́ bí o ti ń wí. Òmíràn ń tàbùkù ara rẹ̀, òmíràn ń fi owó olè yangàn." Òtítọ́ ni. Ramon Abbas, ọmọ ilẹ̀ wa tí a mọ̀ sí Hushpuppi, fi ọrọ̀ yangàn lórí Instagram títí a fi mú un ní Dubai ní oṣù June 2020. Jìbìtì ni ó fi kó owó náà jọ. Ṣùgbọ́n kí ni a ṣe fún un? A mú un dé iwájú adájọ́, ó ní agbẹjọ́rò, ó sọ tẹnu rẹ̀, a sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 11 àti oṣù 3 ní oṣù November 2022. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó lu jìbìtì rí ilé ẹjọ́ lọ, báwo ni ẹni tí ó ṣe ẹ̀fẹ̀ lójú fídíò yóò ṣe pàdé ọwọ́ lọ́rùn lójú oorun? Ìwà tí kò tọ́ ní ìbáwí tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni tí ó fi ẹnikẹ́ni jẹ adájọ́ àti apànìyàn papọ̀.

Nísinsìnyí tí a ti sọ ti akátá, ẹ jẹ́ kí a bá adìẹ sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìfẹ́. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má ṣe fi ẹnu ọ̀nà ilé yín, orúkọ àdúgbò yín, tàbí ibi tí ẹ wà lọ́wọ́ han ayé. Bí ẹ bá fẹ́ fi ibi kan hàn, kí ẹ ti kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe dá nìkan lọ pàdé ẹni tí ẹ mọ̀ lórí fóònù nìkan. Bí ẹnìkan bá halẹ̀ mọ́ yín, ẹ má ṣe pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ nínú fóònù. Ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì fi han àgbà.

Ṣùgbọ́n àgbà tí a bá fi hàn ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kù sí. Mo bẹ ẹ̀yin ọba àti ìjòyè, tí ẹ ń parí ìjà ní ààfin lójoojúmọ́, kí ẹ má ṣe ka ìhàlẹ̀ ikú mọ́ ìjà tọkọtaya tí a ń fi ẹ̀bẹ̀ parí. Ẹ fi àṣẹ yín bá ọmọ náà dé àgọ́ ọlọ́pàá, kí a lè mọ̀ pé àlejò ọba ni. Mo bẹ àwa olùkọ́ àti àwa oníwàásù kí a kọ́ àwọn ọmọkùnrin wa, láti kékeré, pé obìnrin tí ó kọ̀ fún wọn kò rí wọn fín. Mo sì bẹ gbogbo wa, ní agbo àríyá àti ní ìdí ìwé ìròyìn, kí a dáwọ́ dúró nínú wíwí pé "Ta ni ó rán an?" Ọmọkùnrin kan lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tí ń gbọ́, tí yóò rò pé àwa ni a rán òun.