Kò Yẹ Kí Àwọn Ọ̀rẹ́ Máa Rìn Pọ̀ Ní Gbogbo Ìgbà Nínú Ìrìn-àjò Ìgbafẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe àwíjàre bí àwọn ọ̀rẹ́ bá jọ lọ lo ìsinmi ní òkèèrè: ibi tí ẹnì kan bá yà sí, gbogbo wọn ni yóò yà síbẹ̀. Èmi pàápàá gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta ti rin ìlú mélòó kan ní ilẹ̀ Japan, èrò mi ti yí padà. Ohun tí mo gbà báyìí ni pé kí àwọn ọ̀rẹ́ jọ wọkọ̀, kí wọ́n jọ sùn, kí wọ́n sì jọ jẹun alẹ́. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí oníkálukú lè lọ wo ohun tí ó wù ú.

N kò sọ pé ìrìnpọ̀ kò ní èrè. Ní Tokyo tí a kọ́kọ́ dé, bí kì í bá ṣe pé a pọ̀ ni, bóyá à bá ṣì wà ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Shinjuku títí di òní, nítorí kò sí èyí tí èrò ń wọ̀ tó o ní gbogbo àgbáyé. Ẹnì kan ń ka àwòrán ọ̀nà, ẹnì kejì ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, àwa yòókù ń ṣọ́ ẹrù. Owó ilé ìtura tí a pín sí mẹ́rin náà kò wọ̀ wá lára.

Kyoto ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Láti ọdún 794 ni ìlú yìí ti di olú-ìlú Japan, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Ohun tí ó wà níbẹ̀ fún wíwò kò lóǹkà. A lọ sí Fushimi Inari, ojúbọ kan tí wọ́n ri ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹnu-ọ̀nà pupa sí ojú ọ̀nà tí ó gun orí òkè. Bí ènìyàn yóò bá gùn ún dé òkè kí ó sì sọ̀ kalẹ̀, yóò gbà á tó wákàtí méjì tàbí mẹ́ta. Ẹsẹ̀ ń dun ọ̀kan nínú wa. Òmíràn ti pinnu láti ilé pé òun yóò dé góńgó. Nítorí pé a kò fẹ́ pínyà, ìdajì ọ̀nà ni a ti padà. Ẹni tí ó fẹ́ dé òkè kò dé ibẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn sì rìn ju agbára rẹ̀ lọ. Ta ni ó jèrè?

Ṣùgbọ́n Hiroshima ni ó là mí lójú. Ní agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún òwúrọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1945, ni Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù átọ́míìkì sí ìlú náà. Nínú ilé ìrántí tí ó wà níbẹ̀ ni a ti rí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kékeré kan tí ó ti dípẹtà. Ọmọ ọdún mẹ́ta kan ni ó ń gùn ún nígbà tí bọ́ǹbù náà bú. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọ náà kú. Bàbá rẹ̀ sì sin ín pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ náà sí ẹ̀yìnkùlé. Ọdún 1985 ni ó tó hú u jáde, tí ó sì fi kẹ̀kẹ́ náà ta ilé ìrántí lọ́rẹ. Ọ̀kan nínú wa, tí òun náà ní ọmọ ọdún mẹ́ta sílé, dúró síwájú kẹ̀kẹ́ yìí, kò lè kúrò. Àwa yòókù ń wo aago, nítorí a ti gba tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tí ń lọ sí Osaka. “Ó tó gẹ́ẹ́, jẹ́ kí á máa lọ!” Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó tẹ̀lé wa, ṣùgbọ́n kò fọhùn títí a fi dé Osaka. Bẹ́ẹ̀ shinkansen, ọkọ̀ ojú irin tí ń sáré bí àṣá yìí, kì í wọ́n: bí ọ̀kan bá lọ, òmíràn yóò dé kí wákàtí kan tó pé.

Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú mi lè wí pé ìlú onílùú léwu, àti pé ẹni tí kò gbọ́ èdè yóò sọnù. Ọ̀rọ̀ yìí lè jẹ́ òtítọ́ níbòmíràn, ṣùgbọ́n kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní àwọn ìlú ńlá Japan. Wọ́n fi lẹ́tà tí àwa náà ń kà kọ orúkọ àwọn ibùdó ọkọ̀. Àgọ́ ọlọ́pàá kéékèèké tí wọ́n ń pè ní koban sì wà káàkiri ìgboro, tí àlejò lè yà sí láti béèrè ọ̀nà. Ogún ọmọdé kò sì lè ṣeré fún ogún ọdún. Èéṣe tí a fi rò pé àgbà mẹ́rin yóò máa wo ohun kan náà fún ọjọ́ mẹ́wàá láìkanra?

Lálẹ́ ọjọ́ tí a dé Osaka ni mo bẹ ọ̀rẹ́ wa, a sì fẹnu kò sí agogo méje alẹ́ ọjọ́ kejì, lórí afárá Ebisu ní àdúgbò Dotonbori. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn lọ sí ilé-odi Osaka, èyí tí wọ́n tún kọ́ ní ọdún 1931, tí ó sì ní ẹ̀rọ agbéniròkè nínú. Ẹnì kan lọ sí ọjà. Èmi wọ ọkọ̀ lọ sí Nara, níbi tí ère Búdà onídẹ wà, tí gíga rẹ̀ tó mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí àgbọ̀nrín sì ń rìn fàlàlà láàárín èrò. Ọ̀kan nínú wọn já ìwé àwòrán ọ̀nà mi jẹ.

Ọ̀rẹ́ wa kẹrin nìkan ni ó padà sí Hiroshima. Òun ni ó dé gbẹ̀yìn. Ó kó ẹyẹ mẹ́rin tí ó fi bébà ká sórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wa nípa Sadako Sasaki, ọmọbìnrin tí ó ń ká irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ lórí ibùsùn àìsàn kí ara rẹ̀ lè yá, tí àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ sì pa ní ọdún 1955, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Ó sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ wa fi tutù, kò sì sí ẹni tí ó wo aago.